Oògùn Táyé

Nusirat fi ọ̀bẹ la hóró oògùn náà sí méjì lórí ọmọrí ìkòkò. Àbọ̀ fún Táyé, àbọ̀ fún Kẹ́hìndé. Bó ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìkùukùu ọyẹ́ ti bo Ajégúnlẹ̀, fèrè ọkọ̀ ojú omi sì ń dún láti Àpápá bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Táyé dúró lójú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ ti bá fèrè náà lọ.

Táyé nìkan ni dókítà kọ oògùn fún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, kì í lè jókòó ti ìwé, olùkọ́ rẹ̀ sì ti ní bí kò bá yí padà, kí wọ́n wá iléèwé mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n ta ní í fún ìbejì kan ní nǹkan kó fi èkejì sílẹ̀? Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí Nusirat, ìbejì tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè bínú padà síbi tó ti wá. Ẹ̀rù ìyẹn bà á ju ti olùkọ́ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì Philomena gbé ọmọ méjèèjì lé ìwọ̀n.

"Ìwà Táyé ò yí padà, Kẹ́hìndé tí ara ẹ̀ le ló wá ń rù. Ìyá Ìbejì, báwo lẹ ṣe ń lò ó gan-an?"

"Mò ń pín in dọ́gba ni, mà."

"Ha! Wetin be this? Oògùn kì í ṣe ẹ̀wà ìbejì o! Àbọ̀ ò tó Táyé, àbọ̀ yòókù ni ò jẹ́ kí Kẹ́hìndé lè jẹun."

Ojú ti Nusirat débi pé kò mọ bó ṣe délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò mú ọ̀bẹ. Ó fi odindi hóró sẹ́nu Táyé. Kẹ́hìndé náà ti la ẹnu sílẹ̀.

"Tèmi ńkọ́, màámi?"

 Nusirat lóṣòó tì í.

"Ìwọ lẹ̀gbọ́n. Ìwọ lo rán Táyé pé kó lọ bá ẹ tọ́ ayé wò. Jẹ́ kó bá ẹ tọ́ èyí náà wò."

Kẹ́hìndé wo àbúrò rẹ̀. "Ṣé ó korò?"

Táyé gbé e mì, ó mi orí pé ó korò.

Nusirat fi hóró súgà kan sí Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Ọmọ náà wò ó títí fèrè ọkọ̀ fi dún lẹ́ẹ̀mejì nínú ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi eyín gé e sí méjì, ó sì fi àbọ̀ sẹ́nu Táyé.

Nusirat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún ayọ̀.