Ìbọn Mẹ́tàdínlógún Tí Orrin Detweiler Fi Sílẹ̀

Oṣù kẹwàá ni Orrin Detweiler kú, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìjọba ṣí igbó fún àwa ọlọ́dẹ àgbọ̀nrín. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ níwájú báńkì, tòun ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Leland Fye ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú ààrò, ó ní:

"Norb, àwọn ìbọn Orrin ńkọ́?"

"Leland, iyẹ̀pẹ̀ ojú oórì ọkùnrin náà ò tíì gbẹ."

"Ṣé èmi ni mo pa á ni? Ìbéèrè lásán ni mo bi."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Coulter Gap, láàárín àwọn òkè Pennsylvania. Mo ń tún ìbọn ṣe, mo ń rà, mo ń tà, ìwé àṣẹ ìjọba sì wà lára ògiri mi. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, ọ̀rọ̀ là ń tà níbẹ̀ ju ìbọn lọ. Láràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọkùnrin á rọ́ wọlé pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, wọn á máa jiyàn: ìbọn wo ló dára jù fún béárì, ọta wo ló ń lọ tààrà nínú afẹ́fẹ́, ta ló yìnbọn tó sì tàsé ẹran tó dúró gbagidi níwájú rẹ̀. Orrin ló máa ń jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn tó kú, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó ní ká má jókòó síbẹ̀.

Èmi Norbert Haluska ò gbéyàwó rí. Òkè ṣọ́ọ̀bù náà ni mò ń gbé, èmi àti màmá mi tẹ́lẹ̀, èmi nìkan láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí n má gbọ́ ohùn èèyàn mọ́ títí di ọjọ́ Ajé, àfi ti rédíò. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ káàánú mi. Mò ń sọ ọ́ nítorí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Verna, ìyàwó Orrin, pè mí lórí fóònù.

"Norbert, wá kó àwọn nǹkan yìí kúrò nílé mi."

"Nǹkan wo, mà?"

"Ìbọn, kí tún ni? Àwọn èèyàn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ọkùnrin mẹ́rin ló ti pè mí báyìí pé Orrin ṣèlérí ìbọn Winchester rẹ̀ fún àwọn. Mẹ́rin! Ṣé ayùn ni kí n fi gé e fún wọn ni?"

Mo wakọ̀ gòkè lọ lọ́jọ́rú. Ilé tiwọn ló kẹ́yìn lójú ọ̀nà náà; tí o bá ti kọjá rẹ̀, igbó ló kù. Verna mú mi dé ẹnu yàrá kékeré tí ọkọ rẹ̀ ń kó wọn sí. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún, gbogbo wọn ló mọ́ tónítóní, òórùn òróró ìbọn sì kún yàrá náà bí ìgbà tí Orrin fúnra rẹ̀ bá wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró síbẹ̀. Verna náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

Lẹ́yìn náà ó gbé kọfí wá àti kéèkì èso ápù. Ó wò mí títí tí mo fi jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Ó ní, "Kí ló máa ń bá yín sọ níbẹ̀?"

"Ta ni? Orrin? Kí ni kì í bá wa sọ!"

"Ní tòótọ́? Nílé yìí, ó lè jẹun tán láìsọ ju 'gbé iyọ̀ wá' lọ."

Mo wá sọ ìtàn kan fún un. Lọ́dún kan, Orrin sùn lọ sídìí igi níbi tó ti ń dọdẹ. Nígbà tó máa lajú, béárì kan ti jókòó tì í, ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jẹ búrẹ́dì rẹ̀, ìbọn sì wà lórí itan Orrin. Ó ní òun ò yìn ín, nítorí pé àwọn ti jọ jẹun. Verna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì pẹ́ kí omi ojú náà tó dá lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti parí.

Ó ní, "Ọdún méjìdínlógójì. Kò sọ ọ́ fún mi rí."

Kí n tó lọ, mo gbà á nímọ̀ràn. "Bí a bá kó gbogbo wọn sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà, iye wọn á já wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan." Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni.

Bó ṣe di pé mò ń gòkè lọ ní gbogbo Ọjọ́rú nìyẹn. Mo máa ń mú ìbọn kan sọ̀ kalẹ̀, mo sì máa ń gbé owó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá gòkè lọ fún un. Nígbà tó yá, Verna ò dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Kí n tó dé, á ti gbé èyí tó kàn sórí tábìlì, á ti fi aṣọ nù ún, á máa dá mi dúró lórí gbogbo nǹkan tó rí lára rẹ̀. Kí ni nọ́ńbà yìí? Kí ló dé tí ibí yìí fi dán ju ibí yìí lọ? Lọ́jọ́ kan ó ní, "Norbert, ẹnì kan ti gé ìdí èyí kúrú. Ṣé obìnrin ló ni ín tẹ́lẹ̀, àbí ọmọdé?" Inú mi dùn bíi ti tíṣà tí ọmọ iléèwé rẹ̀ gba ipò kìíní. Èmi náà á wá sọ ọ̀rọ̀ Orrin kan fún un, ìyẹn ni owó kọfí mi.

Ní oṣù kìíní, bí mo ṣe ń wakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú yìnyín, mo dédé ṣírò ohun tó kù. Ó ku mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé ó ku Ọjọ́rú mẹ́jọ. Mo tún un kà, mẹ́jọ náà ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn gan-an ni Ray Kessock wọlé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń gbé lódìkejì òkè.

"Norb, ìbọn ẹlẹ́nu méjì ti Orrin yẹn, ṣé ó ṣì wà? Ó ti wù mí láti ìgbà tí mo ti rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tó o bá pè ni màá san."

Mo gbọ́ ohùn ara mi: "O ti pẹ́ jù, Ray. A ti tà á."

Lọ́jọ́rú, mo gòkè lọ lọ́wọ́ òfìfo. Mo sọ fún Verna pé, "Ọjà ò yá, mà. Òtútù yìí ti sé gbogbo èèyàn mọ́lé." Ó bu kọfí fún mi. A jókòó.

Irọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ìkejì kò yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan bá wá béèrè, màá ní wọ́n ti san àsansílẹ̀ lórí rẹ̀, tàbí kí n pe iye tí ojú oníbàárà á fi là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbọn mẹ́jọ náà wà nínú yàrá, mo sì ń lọ jẹ kéèkì.

Ní oṣù kẹta, wọ́n ṣe ọjà ìbọn ọdọọdún nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Tábìlì mi wà nítòsí ilẹ̀kùn. Èèyàn pọ̀ débi pé ooru mú wa, tábìlì gbogbo kún fún ìbọn àti ọ̀bẹ àti páálí ọta, ẹnì kan sì ń ta sọ́sééjì díndín lẹ́yìn. Bí mo ṣe gbójú sókè, Verna ni mo rí. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa tí Orrin fi ń dọdẹ, ó ká apá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wo gbogbo èrò náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí ọjà tí kò yá ṣe rí nìyí?"

Mi ò tíì dáhùn tí Ray Kessock fi yọ sí wa. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Èèyàn àtàtà ni ọkọ yín. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì yẹn nìkan ló ń dùn mí títí dòní. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ Norb lóṣù kìíní, ó ní àwọn ti tà á."

Verna yíjú sí mi. Ó ti mú ìbọn náà látinú yàrá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti nù ún, ó sì ti dá a padà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí fún Ray, jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wádìí ẹ̀." Ó sì jáde lọ.

Ó kù díẹ̀ kí n má lọ lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e. Mo wa ọkọ̀ dé ẹsẹ̀ òkè, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn, kí n tó gòkè. Ó ti to ìbọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí tábìlì ìjẹun, lórí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun. Kò sí kọfí.

"Jókòó."

Mo jókòó.

"Ṣé o fẹ́ dúró dìgbà tí màá fi gbà láti tà wọ́n lọ́pọ̀ ni, kó o lè rà wọ́n?"

"Ká má rí i, mà."

"Kí ló wá dé?"

Mo wo ọwọ́ mi. Òróró ìbọn ò kúrò lábẹ́ èékánná mi láti ogójì ọdún. "Bí wọ́n bá tán," mo ní, "mi ò ní nǹkan kan tí mo lè sọ pé mo wá ṣe níbí."

Ó gbé ìbọn kan, ó tún un tò kó lè ṣe déédéé pẹ̀lú ìkejì rẹ̀.

"Norbert, ta ló sọ fún ẹ pé èmi fẹ́ wà níbí? Láti Kérésìmesì ni Janine ọmọ mi ti tún yàrá kan ṣe fún mi ní Arizona. Mo ní kó ní sùúrù, pé mi ò lè fi ìbọn sílẹ̀ sínú ilé tí kò sẹ́nìkan, pé ọ̀rẹ́ bàbá ẹ ń bá mi tà wọ́n. Mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn lóṣù kejì, ṣé o mọ̀? Inú yìnyín níbẹ̀ yẹn. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo wá fi orúnkún wọ́ wọlé."

"Ẹ ò sọ fún mi!"

"Ọjọ́ Àìkú ni. Ọjọ́rú ṣì jìnnà."

Mo wo àtẹ̀gùn náà látojú fèrèsé.

"Mo gbádùn àwọn Ọjọ́rú yẹn," ó ní. "Mi ò ní sẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù ńkọ́? Ìwọ lo tì mí mọ́ inú wọn."

Mo ní kó má bínú. Ọ̀rọ̀ náà kéré, ó jáde lẹ́nu mi bí ìgbà téèyàn tẹ ẹnì kan lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a máa ta gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù ẹ. Mò ń bọ̀ fúnra mi."

Mo pe gbogbo ẹni tí mo ti parọ́ fún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Verna wọlé, ó rìn tààrà lọ sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó jókòó. Àwọn ọkùnrin náà gbé kọfí wọn kalẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ray gba ẹlẹ́nu méjì rẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun. Ẹnì kan fẹ́ dọ́gbọ́n sí i pé ọ̀pá ìbọn kan ti dípẹtà, Verna ní, "Gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kó o tún wò ó. Ojú ẹ ló dípẹtà." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ó wá ku Winchester. Àwọn mẹ́rin tó ní Orrin ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn pé síbẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan," Verna ní, "ibo ni ọkọ mi dúró sí nígbà tó ṣèlérí?"

Ẹni àkọ́kọ́ ní etí odò ni. Ẹni kejì ní orí ibùsùn ọsibítù ni, bẹ́ẹ̀ Orrin ò sùn ní ọsibítù rí. Ẹni kẹta ń kólòlò. Ó kan Leland. Leland họrí.

"Kò ṣèlérí nǹkan kan fún mi," ó ní. "Ó ṣáà wù mí ni. Ó wù mí gan-an."

"Gbé e," Verna ní. "San owó ẹ, kó o sì gbé e lọ."

Àwọn yòókù kùn, àmọ́ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo dojú kọ ìwé tí mò ń kọ fún wọn.

Ní oṣù kẹrin, Janine wá fi ọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀. Wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, Verna sì sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀.

"Máa jẹun dáadáa, Norbert."

"Màá máa jẹun, mà."

Ó na ọwọ́ sí mi, mo bọ̀ ọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, èmi náà ò béèrè. Wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tí ẹnu yà. Leland mu kọfí rẹ̀.

"A mọ̀," ó ní. "Gbogbo ìlú ló mọ̀, àfi Ray."

"Kí ló dé tẹ́ ò bá mi wí?"

"O ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n, Norb. O ti ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Kí la fẹ́ sọ?"

Ó pè mí wá jẹun nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo sì lọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣe dáadáa sí mi. Mo tètè padà sílé.

Ní oṣù kẹfà, mo pe Arizona. Verna ló gbé e. Ó ní oòrùn ibẹ̀ lè dín ẹyin, pé àwọn ọmọ Janine ń pariwo, pé orúnkún òun ti ń san. Mo ní ó dára. Mo ní òjò ti ń rọ̀ níbí. A wá dákẹ́, àwa méjèèjì, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò sí ìbọn kankan láàárín wa mọ́ tá a lè fi mú ọ̀rọ̀ bọ̀.

"Ó dáa, Norbert," ó ní.

"Ó dáa, mà."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Aago mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ilẹ̀ ò tíì fẹ́ ṣú rárá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì jókòó, bóyá ẹnì kan á yà wọlé.