Ẹni Tó Ń Kí Wa Láti Ọjọ́ Ajé

Korobá òfìfo kan ni Màmá Òkè gbé sórí tábìlì Àyọ̀kẹ́, láàárín kọ̀ǹpútà àti ife tíì rẹ̀. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń wo ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó kọ̀ tí kò hó.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Àyọ̀kẹ́ wí, ó ti kúnlẹ̀.

"Háà! Ẹ ṣì ń kí èèyàn níbí?" Màmá Òkè yíjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Gbénró, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ti ń wọlé bọ̀. "Gbénró, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń kí yín. Ọjọ́bọ̀ rèé. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn."

Gbénró wo korobá, ó wo Àyọ̀kẹ́. Àyọ̀kẹ́ sáré dìde nílẹ̀.

Kò lè ṣe kó má sáré. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ omi ṣe ni wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà ní Òkòkòmáìkò. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú ilẹ̀ bá kú nínú ilé kan ní Ìbà tàbí Ajangbádì, àwọn ni wọ́n ń pè. Ọdún mọ́kànlá ni Sàdíátù, akọ̀wé wọn, fi ń gba ìpè oníbàárà. Yóò kọ àdírẹ́sì kan sára páálí, yóò kọ òmíràn sí àtẹ́lẹwọ́, yóò sì fi ìyókù sórí. Orí Sàdíátù pé, ṣùgbọ́n orí èèyàn kì í ṣe dúróà. Lọ́jọ́ kan, Muheez, ọ̀kan lára àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àti òṣìṣẹ́ mìíràn pàdé lẹ́nu géètì kan náà ní Ìbà, kálukú pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, nígbà tí ilé kan ní Igbó-Elérin ti ń fọrùn pọnmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyẹn ni Gbénró ṣe gba Àyọ̀kẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, pé kó wá fi kọ̀ǹpútà gba ẹ̀sùn. Oníbàárà á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí Wasáàpù; kọ̀ǹpútà á kà á, á fún un ní nọ́ńbà, á sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí fóònù òṣìṣẹ́ tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù. Oṣù kan ni Gbénró fún un.

"Tí oníbàárà kan ṣoṣo bá wá dúró síwájú mi pé a ò dá òun lóhùn," ló wí nígbà náà, "páálí la ó padà sí. Ìwọ náà á sì wáṣẹ́ síbòmíì."

Oṣù náà ku ọjọ́ méjì kó pé.

Àyọ̀kẹ́ wá orúkọ Màmá Òkè nínú kọ̀ǹpútà, ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. "Ọ̀gá, wọn ò fi ẹ̀sùn kankan ránṣẹ́."

"Ẹ̀sùn wo?" ni Màmá Òkè bi í. "Ẹ ní ká má pè mọ́, ká máa kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Mo kí yín, ẹ ò jẹ́ mi lóhùn. Ẹni tí kò tíì kí mi padà, kí ni mo fẹ́ bá a sọ? Ṣé kí n kàn já wọlé onílé, kí n máa pariwo pọ́ǹpù, pọ́ǹpù?"

Ìgbà yẹn ni Àyọ̀kẹ́ rántí ibi tí kọ̀ǹpútà ń da ìdọ̀tí sí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó bá ti wọlé ni kọ̀ǹpútà ń pè níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ta ló ń bẹ èèyàn níṣẹ́ ládùúgbò yìí láì kọ́kọ́ kí i? Wọ́n á kí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sọ ẹ̀sùn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ṣàdúrà fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ náà á sì gba nọ́ńbà tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, kọ̀ǹpútà rán Muheez lọ sí Igbó-Elérin pé kó lọ tún "Ẹ kú Jímọ̀ o, Ọlọ́run á gba àdúà wa" ṣe. Bàbá tó kọ ọ́ fún Muheez lómi mu, látinú ẹ̀rọ tí nǹkan kan ò ṣe. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú ti Àyọ̀kẹ́, ó sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀: ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ kìkì ìkíni, dà á nù. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ ti mọ́ tónítóní, tí òun náà sì ń yangàn.

Ó ṣí ibẹ̀ wàyí.

*Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi Màmá Òkè ni.*

*Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.*

*Ẹ káàárọ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà?*

*Ẹ káàárọ̀ o. Àbí mo ṣẹ̀ yín ni?*

Èyí tó kẹ́yìn yìí dun Àyọ̀kẹ́ dé ọkàn. Ó lè pa ojú ìwé náà dé. Ó lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Gbénró ò sì ní mọ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà kọjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó máa dà á nù, ọ̀gá."

Gbénró kà á tán, ó tún un kà. "Sàdíátù," ló wí, "mú páálí wá."

Sàdíátù dìde ní igun tó ti ń to nọ́ọ̀tì sínú agolo láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lọ síbi páálí. Ọ̀dọ̀ Màmá Òkè ló lọ kúnlẹ̀ sí.

"Màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń ṣe bí ẹsẹ̀."

"Ọmọ yín tó wà ní Kútọnu ńkọ́? Ó ti dé?"

"Ó ti dé, tòun tìyàwó. Ìyàwó ti bí. Ọ̀la la ó sọmọ lórúkọ." Ohùn Màmá Òkè rọ̀. "Sàdíátù, a ò rómi wẹ ọmọ. Pọ́ǹpù ti kú láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ohun tí kọ̀ǹpútà ò rí gbọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, Sàdíátù gbọ́ ọ kí tíì tó tutù. Muheez ti gbé àpótí irinṣẹ́, ó gbé korobá, ó sì sin Màmá Òkè lọ sí Ajangbádì.

"Ọ̀gá," ni Àyọ̀kẹ́ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́. Kẹ́ ẹ sì yá mi ní àǹtí Sàdíátù."

Gbénró mú páálí fúnra rẹ̀, ó fi í sábẹ́ abíyá. Ó jáde. Àwọn méjèèjì kà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

Èèyàn méjìdínlógún ló tún wà nínú ìdọ̀tí náà. Sàdíátù pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kàn kí wọn lásán ni. Ẹ̀rọ omi àwọn mẹ́ta tó kù ló ti bàjẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, Àyọ̀kẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pe odindi àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ó tún àṣẹ kọ: ẹni tó bá kí wa, kí i padà. Tó bá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò tíì sọ ohun tó bá wá, fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Sàdíátù pé kó pè é.

"Kí ló wá fẹ́ sọ fún wọn?" ni Sàdíátù bi í.

"'Kí ni ìṣòro yín?'"

"Ta ló ń bi àgbà bẹ́ẹ̀? Kọ ọ́ báyìí: 'Ilé ńkọ́? Ẹ̀rọ omi ńkọ́?'"

Àyọ̀kẹ́ kọ ọ́ bó ṣe wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Muheez dé pẹ̀lú ṣòkòtò tó rin gbindin, inú rẹ̀ ń dùn. Omi ti ń ṣàn. Gbénró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, páálí wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dún.

*Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi.*

Kọ̀ǹpútà kí Màmá Òkè padà, ó bi wọ́n léèrè ilé, ó bi wọ́n léèrè ẹ̀rọ omi. Kò sí èsì. Wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó lọ sílé. Nígbà tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fóònù Sàdíátù dún, ó sì pe Màmá Òkè kíá.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Omi ń dà, mò ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ ni. Mo kàn ní kí n kí yín ni."

Muheez ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbénró kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ́ páálí sí méjì, ó sì tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì Àyọ̀kẹ́, èyí tó ti ń mì láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. Ó fọwọ́ gbọ̀n ọ́n wò. Kò mì mọ́.

Ó ku kí Àyọ̀kẹ́ pa iṣẹ́ ìkẹyìn yìí, ìyẹn ìkíni Màmá Òkè, dé. Àyè kékeré kan wà níbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ kọ ohun tó tún ṣe kí iṣẹ́ tó lè parí. Wáyà jóná, wọ́n á kọ ọ́. Páìpù bẹ́. Ó ronú títí, ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì.

*A kí wọn padà*, ló kọ síbẹ̀.