Àpò Méjì fún Agbẹ̀bí

"Háà! Èyí ò mà kún ife tíì kan!" ni agbẹ̀bí náà wí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń gbé àpò ẹ̀jẹ̀ kékeré kọ́ sókè ibùsùn rẹ̀.

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti dà sínú báàkẹ́tì pẹ̀lú ibi ọmọ láìmọye ìgbà, tí á fọwọ́, tí á kọjú sí ìyá ọmọ. Ta ló mọ̀ pé ó wúlò? Ní báyìí, jẹjẹrẹ ti ba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́, oògùn líle sì ti gbá mùdùnmúdùn inú eegun rẹ̀ dànù. Bí ẹ̀jẹ̀ yìí ò bá fìdí múlẹ̀ lára rẹ̀, ikú ló kàn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wọ ìbòmú, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́hùn-ún. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò bóyá ó lè fún un, kò bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu. Ọ̀nà kan ò wọjà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti lè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú.

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá," nọ́ọ̀sì ní. "Èkejì ń bọ̀. Ti ọmọ kan kì í sábà tó àgbàlagbà."

"Ìbejì!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá wọn yàtọ̀ o. Àwọn méjèèjì á jọ wọlé, àmọ́ ọ̀kan ló sábà máa ń dúró. Èkejì á lọ."

Ẹ̀rín náà gbẹ. "Èwo ló máa lọ?"

"A ò tíì lè mọ̀."

Ó dùn ún wọra. Nídìí iṣẹ́ rẹ̀, bí ìbejì bá há, kì í fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Ẹ̀jẹ̀ ti ń kán wọlé báyìí, ó ń fojú sìn ín.

"Ìgbà wo ni wọ́n bí wọn?"

Nọ́ọ̀sì yẹ ara àpò wò. "Ó ti pẹ́ nínú yìnyín o. Èyí ti tó ọdún méje. Èkejì jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀."

Ọdún méje kẹ̀! Láti àárọ̀ ló ti ń ro ọmọ ọwọ́, orí rírọ̀, ẹkún àkọ́kọ́. Eyín àwọn wọ̀nyẹn á mà ti máa ká. Wọ́n á wà nílé ìwé níbì kan, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa fa aṣọ ara wọn ya. Ẹ̀jẹ̀ tó bá lọ lára rẹ̀, ọmọ tó ni ín ò lọ síbì kankan.

"Àǹtí," àbúrò rẹ̀ sọ láti ìdí fèrèsé, "tèmi ì bá bá tiyín mu..."

"Dákẹ́ jàre. Ṣé o ò sí níbí ni?"

Ọkùnrin náà wọ́ àga rẹ̀ mọ́ ibùsùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé àpò kejì wọlé, ó ti di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sì ń wò ó lójú.