Ibi Tí Bọ́ọ̀sì Ń Dúró Sí

"Bọ́ọ̀sì dà?" ni Attracta Geraghty béèrè.

Àwòrán gbàgede ìlú tuntun ni wọ́n gbé sára ògiri gbọ̀ngàn ìjọ: òkúta pẹlẹbẹ funfun nílẹ̀, igi nínú ìkòkò, àga àti tábìlì lábẹ́ agboòrùn. Àwọn tó wá wò ó kò pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì bọ́ kóòtù, nítorí ẹ̀rọ amúlégbóná ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Attracta, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí gbàgede náà gan-an, jókòó níwájú. Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sórí àga kejì.

Eoghan Tarpey, alága Ìgbìmọ̀ Ìsọdọ̀tun Ìlú, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Attracta, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Bọ́ọ̀sì ni mo béèrè. Iwájú ilé mi ló ti ń gbé wa láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ. Mi ò rí i nínú àwòrán yín."

"A máa gbé ibùdókọ̀ lọ sí ọ̀nà tuntun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Fúngbà díẹ̀ ni, kí iṣẹ́ fi parí."

"Ilé epo ta ni?" Mossie Lyng, àgbẹ̀ kan tó jókòó lẹ́yìn, ló béèrè bí ẹni tí kò mọ̀.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Tarpey náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun ló ni ilé epo náà àti ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà nínú rẹ̀. Òun náà ló ń ra òdòdó tí ìgbìmọ̀ ń gbìn, òun ló ra aṣọ fún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, agbára káká sì ni a fi lè rí ilé kan ní ìlú Clonarra wọn yìí tí ọmọ ibẹ̀ kò tíì bá a ta kọfí rí.

"Ilé epo gbogbo wa ni, Mossie," ló dáhùn. "Ṣebí ibẹ̀ ni ìwọ náà ti ń jẹ búrẹ́dì àti sọ́séèjì láràárọ̀? O kàn ń fi ibẹ̀ ṣe ilé ìyàwó ni."

Ẹ̀rín tún sọ, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì sì bá ẹ̀rín lọ. Sorcha Devane, olùkọ́ tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìpàdé náà wà fún gbígbọ́ èrò ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ó ti rí i nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ti fi ọ̀dà sàmì ibùdókọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Attracta ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwòsàn ní ìlú ńlá, kí wọ́n lè fọ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n sì tún un dì. Nọ́ọ̀sì tó ń wá a wálé tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà ayé Fintan ọkọ rẹ̀, ọkọ ló ń fi mọ́tò gbé e lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ta ìṣó, okùn àti irúgbìn nínú ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wọn, títí ikú fi yà wọ́n. Ruairí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Perth ní Ọsirélíà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè é.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ gbàgede, tí bọ́ọ̀sì lọ ń dúró nílé epo, ilé ìwé wà ní ìsinmi, Sorcha ló sì ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé ìyá náà lọ. Attracta a máa jókòó ṣinṣin, a gbé báàgì lé itan bí àlejò.

"Ẹ fara balẹ̀ jókòó, mà. Kò yọ mí lẹ́nu."

"Mo mọ̀ pé kò yọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, mi ò ní láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ìsinmi parí, ilé ìwé wọlé. Iṣẹ́ gbàgede náà parí, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá gé rìbọ́ọ̀nù nínú òjò wẹliwẹli. Bọ́ọ̀sì kò padà.

Sorcha gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nípàdé ìgbìmọ̀. "Fúngbà díẹ̀ la sọ. Ìgbà wo ló ń padà?"

"Bọ́ọ̀sì á fọ́ àwọn òkúta yẹn, Sorcha," ni Tarpey wí. "Àwọn tó yàwòrán ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Nígbà tí wọ́n ń yà á, wọn ò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì wúwo?"

"A ò lè dá gbogbo ìlú dúró nítorí ẹnì kan."

"Kì í ṣe ẹnì kan. Òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ni."

Ó wo ojú wọn káàkiri. Apòògùn ìlú tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Obìnrin tó ni ilé kọfí, tí tábìlì rẹ̀ ti gba ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, ń yẹ èékánná ọwọ́ rẹ̀ wò. Tarpey béèrè bóyá ẹnì kan fẹ́ kín àbá Sorcha lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sókè, wọ́n sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ iná ọdún Kérésì. Ẹnì kan gbé tíì wá. Sorcha gba tirẹ̀, ó sì mu ún. Ó ti rẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ń dúró dè é nílé.

Ọ̀nà tó lọ sí ilé epo kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà lẹ́yìn ilé tó kángun sí ìgbẹ́. Kòtò ló wà níbẹ̀ àti ọgbà ẹ̀gún, tírélà sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn bí ẹ̀fúùfù. Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, Sorcha ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó rí Attracta tó fara ti ọgbà ẹ̀gún náà. Omi ẹ̀gbẹ́ títì ti rin báńdéèjì rẹ̀ gbindin.

"Ẹ wọlé, mà."

"Wàá pẹ́ síṣẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Bọ́ọ̀sì ti kọjá. "Awakọ̀ yẹn rí mi," ni Attracta wí nígbà tó jókòó tán. "Mo rí i pé ó dùn ún. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dúró sójú ọ̀nà."

Aago ilé ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ilé ni Sorcha gbé e padà sí, ó bá a dá iná sínú ààrò, ó sì sáré lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Attracta kò ti lọ mọ́. Ó ń fọ egbò náà fúnra rẹ̀, ó ń fi aṣọ mímọ́ dì í, ẹni tó bá sì béèrè, á ní ara ń yá. Lẹ́yìn Kérésì ni Sorcha gbé kéèkì lọ fún un. Òórùn kan pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì dé òkè àtẹ̀gùn tó ti ń pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Àwọn dókítà ní kò lè padà sí ilé olókè mọ́. Ilé ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n ti rí ibùsùn fún un jìnnà, ó wà ní ẹkùn mìíràn. Bí ilé tó wà níwájú gbàgede ṣe di òfìfo nìyẹn.

Nígbà ìrúwé, àwọn onídàájọ́ ìdíje ìlú tó rẹwà jù lọ ń bọ̀. Tarpey ní kò bójú mu kí wọ́n wá bá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Attracta tí eruku bò láàárín òkúta tuntun. Ó pe Ruairí ní Perth pé kó jẹ́ káwọn tún iwájú ilé náà ṣe, Ruairí gbà. Wọ́n fi pákó dí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n sì pe ayàwòrán láti ìlú ńlá wá. Ó ya ṣọ́ọ̀bù tó ṣí sílẹ̀ sára pákó: okùn, ìṣó, àpò irúgbìn, àti obìnrin arúgbó kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Iṣẹ́ náà dára. Onídàájọ́ kan ní ó wú òun lórí bí ìlú ṣe ń rántí àwọn àgbà rẹ̀. Clonarra gba ipò kìíní.

Sorcha mú ìwé ìròyìn náà lọ sí ilé ìtọ́jú ní ọjọ́ Àìkú kan. Kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun fi hàn án, ṣùgbọ́n ó rò pé kò dára kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́. Attracta wà lórí àga onítáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bùláńkẹ́ẹ̀tì bo itan rẹ̀. Ó wo Tarpey tó gbé ife ẹ̀yẹ dání nínú fọ́tò. Lẹ́yìn náà ló wo ẹni tó wà lẹ́yìn Tarpey.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Wọ́n ní àwọn fi bọlá fún yín ni."

Attracta wọ awò ojú rẹ̀, ó sún ìwé náà mọ́ ìmọ́lẹ̀. "Fintan kì í kó okùn síbẹ̀ yẹn," ló wí. "Oòrùn á jẹ ẹ́." Ó ń fi ìka tọ àwòrán náà láti orí wá sísàlẹ̀, dé ibi tí ìgbálẹ̀ ti kan ilẹ̀, ó sì dá ìka dúró síbẹ̀.

"Wọ́n mà ya ẹsẹ̀ méjèèjì fún mi," ló sọ.