Ẹyẹ Tó Kọjú sí Idà

"Ẹ wò ó dáadáa," ni alága ìgbìmọ̀ wí, ó sì fi ìka kan ṣoṣo ti ìwé ẹ̀rí náà síwájú Ìyá Olóǹtẹ̀ bí ẹni tó ń ti òkú eku. "Kí ni ẹyẹ yìí ń wò?"

Ìyá Olóǹtẹ̀ kò wo ìwé kankan. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣebí òun ló fín òǹtẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá jí i lójú oorun, ó lè ka iye ìyẹ́ tó wà ní apá ẹyẹ náà fún wọn. Ó ká ọwọ́ lérí tábìlì, ó ní ohun tí wọ́n gbé fún òun lòun fín.

"Mi ò bi yín léèrè ohun tí wọ́n gbé fún yín. Mo ní, kí ni ẹyẹ yìí ń wò?"

"Idà ni."

"Kí ló yẹ kó máa wò?"

"Ọkọ́."

Akọ̀wé tó jókòó ti alága kọ ọ́ sílẹ̀. Yàrá ìpàdé ilé ìtẹ̀wé ìjọba ni wọ́n wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fáànù ń dún bí ẹni tí eyín ń ro, ojú ibi tí wọ́n ti yọ àmì orílẹ̀-èdè àtijọ́ kúrò lára ògiri ṣì funfun ju ibi yòókù lọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni alága ti wá. Obìnrin kúkúrú ni, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn, kò sì kí ẹnikẹ́ni nígbà tó wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ẹnìkan yóò gba ìwé ìdádúró lónìí, òun ò sì ní wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹyẹ.

Ẹni méjì ló lè gba ìwé náà. Ìyá Olóǹtẹ̀ ni ẹnì kìíní. Ẹnì kejì ni ọkùnrin tó jókòó ní ìdojúkọ rẹ̀, tó de táì, tí gbogbo ilé ìtẹ̀wé ń pè ní Ọ̀gá. Ìyá Olóǹtẹ̀ máa ń pè é ní Ọmọ Àná, nínú ọkàn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, síta nígbà tí inú bá ń bí i.

Lẹ́yìn tí ogun parí ni ìjọba pa àmì àtijọ́ tì. Wọ́n ní ó ń rán èèyàn létí ẹ̀jẹ̀ jù. Èyí tuntun kò lọ́jú pọ̀: idì kan dúró lórí apata, lára apata yẹn, ọkọ́ wà lọ́tùn-ún, idà wà lósì, odò kan ṣàn kọjá láàárín wọn, nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé "A kò gbàgbé, a ń gbìn." Wọ́n tẹ ìwé pélébé kan láti fi ṣàlàyé rẹ̀, wọ́n pín in káàkiri ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì títí ọmọ ọdún mẹ́fà fi ń kà á lórí. Apata ni òfin. Odò ni omi tí gbogbo wa jọ ń mu. Idà wà níbẹ̀ nítorí pé a jà. Ẹyẹ kọ ẹ̀yìn sí idà, ó kọjú sí ọkọ́, nítorí pé a ti jà tán.

Ẹyẹ orí ìwé ẹ̀rí tó wà níwájú alága yìí ò tíì jà tán ní tirẹ̀. Ó na ọrùn sí idà, ó kọ ìpàkọ́ sí ọkọ́, ó tún la ẹnu díẹ̀.

Alága wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kò gbé ohùn sókè rárá. Àwọn tí ọmọ wọn kú sójú ogun ni wọ́n pè jọ sí gbọ̀ngàn ńlá, kí ilé kọ̀ọ̀kan lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba. Obìnrin aránṣọ kan ni wọ́n pè ṣìkẹta. Ọmọkùnrin méjì ni tirẹ̀. Ó gba ìwé, ó wọ awò ojú, ó wò ó títí.

"Ó bi òṣìṣẹ́ wa pé, 'Ẹ ní ogun ti parí. Kí wá ni ẹyẹ yín ń wá lọ́dọ̀ idà?' Ó fi ìwé náà sórí àga, ó jáde. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin la ṣà jọ lórí àga."

Ìyá Olóǹtẹ̀ wá bojú wo ìwé náà. Kò tíì gbọ́ èyí. "Òǹtẹ̀ ìwé ẹ̀rí" nìkan ni wọ́n kọ sórí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ó sì ti rò pé ti àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ni, àwọn tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì tí wọ́n á máa gbé ìwé kọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti múra ẹjọ́ sílẹ̀ á ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó mú ojú kúrò níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Òdì ni wọ́n ń fín òǹtẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́tùn-ún lára idẹ, òsì ló máa bọ́ sí lórí bébà. Nítorí náà, bí àwòrán bá dé, ẹni tó ń fín in á dà á dojú bolẹ̀ sára idẹ, á fín in bó ṣe rí láti ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ya àwòrán á ti yí i kó tó gbé e wá. Kí nǹkan má baà dàrú, àwọn oníṣẹ́ òǹtẹ̀ ibẹ̀ ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú ìwé: àwòrán tí wọ́n bá ti yí tẹ́lẹ̀, wọ́n á gé etí bébà rẹ̀ kan. Bí etí bébà bá pé mẹ́rin, yí i. Bó bá ku mẹ́ta, má yí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bébà méjì ni Ọ̀gá gbé fún un. Apata wà lórí ọ̀kan, ẹyẹ wà lórí ìkejì, nítorí ọwọ́ ayàwòrán méjì ni wọ́n ti wá. Kọ̀ǹpútà ti yí ti ẹyẹ. Kò yí ti apata. Apata ní ọ̀rọ̀ lára, kò sí bí ojú ṣe lè ṣì í. Ẹyẹ ò ní lẹ́tà. Bébà méjèèjì sì ní etí mẹ́rin-mẹ́rin, Ìyá Olóǹtẹ̀ bá yí méjèèjì, ẹyẹ wá di ohun tí wọ́n yí lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé bébà ẹyẹ sókè, ó na ìka sí etí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún alága. Mẹ́rin ni.

Alága yíjú sí Ọ̀gá. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni àṣà wọn rí lóòótọ́.

Ibi tí Ìyá Olóǹtẹ̀ ti ń dúró dè é nìyí láti ọjọ́ mọ́kànlá tí iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí, ìdí tábìlì rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irin mú, bí wọ́n ṣe ń mí nígbà tí irin bá ń lọ. Lọ́jọ́ tó fi irin gún àtàǹpàkò, Ìyá Olóǹtẹ̀ ló ya aṣọ ara rẹ̀ fi dì í fún un. Ọkùnrin náà tún lọ sílé ẹ̀kọ́, ó fi táì padà, wọ́n fi í jẹ ọ̀gá lé e lórí. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ "ìwọ" mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé tábìlì ìyá náà kúrò lójú fèrèsé, ó gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n wá tì í sí, níbi tó ti ń tan iná lọ́sàn-án gangan kó tó lè rí ohun tó ń fín. Nínú ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́, Ọ̀gá ní iṣẹ́ ọwọ́ dà bí àtùpà, èèyàn kàn ń tọ́jú rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Olóǹtẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó bá jókòó tì í tí kì í gbọ́ ọ pé ọwọ́ Ọmọ Àná ò mọ irin, pé táì nìkan ló ní.

Ó mọ̀ pé Ọ̀gá á purọ́. Ó ti rò ó síwá, ó ti rò ó sẹ́yìn. Á ní kò sí irú àṣà bẹ́ẹ̀, àbí á ní òun ti fẹnu sọ fún un. Àwọn bébà àtijọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá, etí wọn ku mẹ́ta, ọwọ́ Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gé wọn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ó kàn ń dúró kí irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ ni.

Ọ̀gá fi ọwọ́ nu ojú.

"Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa rí," ó wí. "Èmi ló yẹ kí n gé e. Mi ò gé e. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti gbé bébà fún ẹni tó ń fọwọ́ fín nǹkan kẹ́yìn, mo sì gbàgbé. Kò sí ẹjọ́ lọ́rùn Màmá."

Kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Inú bí Ìyá Olóǹtẹ̀. Ta ló ní kó sọ òótọ́? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Irọ́ ló ti gbálẹ̀ dè.

Alága pa fáìlì dé. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kí Ọ̀gá kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó tó di ọ̀sán, ìwé ìdádúró rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ó ní kí Ìyá Olóǹtẹ̀ máa lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé dé kálámù.

Ìyá Olóǹtẹ̀ dìde. Ṣebí ohun tó fẹ́ nìyí? Tábìlì rẹ̀ á padà sójú fèrèsé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ìwé ẹ̀rí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin náà lé, wọ́n fi okùn dì wọ́n. Orúkọ méjì ló wà lórí èyí tó wà lókè pátápátá, ọmọ bàbá kan náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún àti ọmọ ọdún méjìlélógún. Abẹ́ orúkọ wọn gan-an ni ẹyẹ náà dúró sí, ó ń wo idà. Iṣẹ́ náà mọ́, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ. Ó dúró síbẹ̀ títí alága fi bi í pé kí ló kù.

"Mo rí i," ó wí.

"Kí lẹ rí?"

"Ẹyẹ yẹn. Nígbà tí mo to bébà méjèèjì pọ̀ sára idẹ, kí n tó fi irin kàn án, mo ti rí i pé idà ló kọjú sí."

"Ẹ sì wá dákẹ́?"

"Mo dákẹ́."

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jẹ́ kó rọ̀ sórí àyà. "Àgbà kì í wà lọ́jà," ó wí, kò parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò ìparí rẹ̀ nínú yàrá yẹn.

Ìyá Olóǹtẹ̀ ò jókòó. Ó ṣàlàyé pé bí nǹkan bá rú ẹni tó ń fín òǹtẹ̀ lójú, ńṣe ni kó dìde lọ béèrè. Láti ìdí tábìlì òun dé ẹnu ilẹ̀kùn Ọ̀gá, kò ju ìṣísẹ̀ méjìlá lọ. Òun dìde lẹ́ẹ̀mejì, òun tún jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Òun rò pé àwọn ọ̀gá àgbà á rí i kí wọ́n tó fi tẹ nǹkan kan, wọ́n á pe Ọ̀gá jáde, wọ́n á fi í ṣẹ̀sín lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Kò wá sí òun lọ́kàn pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ló máa kọ́kọ́ rí i.

"Kí ló ṣe fún yín?" ni alága bi í.

"Mo kórìíra rẹ̀."

Ọ̀gá wá wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ojú rẹ̀ ti le.

"Mo mọ̀ pé ẹ kórìíra mi," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ò lè fi iṣẹ́ ṣe é láé."

Bó bá jẹ́ pé Ọ̀gá bú u ni, Ìyá Olóǹtẹ̀ ì bá rí èyí tó máa fi dá a lóhùn.

Alága tún ṣí fáìlì. Ó ní kí akọ̀wé fa ìlà sórí ohun tó kọ́kọ́ kọ. Ìyá Olóǹtẹ̀ á kó irin rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ parí níbí. Ọ̀rọ̀ ti Ọ̀gá, àwọn àgbà lókè ló máa dá a. Ohun tó kù ni pé lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn fúnra àwọn á gbé ìwé tuntun lọ bá àwọn òbí náà nílé, ní ojúlé sí ojúlé, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré nìyẹn. Ta ló máa fín òǹtẹ̀ mìíràn? Ó ní lẹ́yìn ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, òun ò lè dá ẹyẹ náà padà sọ́wọ́ ìyá yìí. Ó fa bébà mẹ́ta yọ nínú fáìlì.

"Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ̀wé sí wa lẹ́ẹ̀mẹta pé ọ̀gá yín ò mọ irin dì mú."

"Òun ni kó fín in," ni Ìyá Olóǹtẹ̀ wí.

"Ohun tí ẹ kọ ńkọ́?"

"Irọ́ ni mo kọ." Ó nawọ́ sí bébà mẹ́ta náà. "Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Láti ọdún kejì tó wà lọ́dọ̀ mi ni mo ti mọ̀, mi ò sì lè fara dà á."

Akọ̀wé gbé ojú sókè, ó béèrè bóyá kí òun kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

"Kọ ọ́," ni Ìyá Olóǹtẹ̀ wí.