Àgádágodo Abẹ́ Kámẹ́rà

Kò sẹ́ni tó mọ Sàláúdéènì ní ọjà Trade Fair tó máa sọ pé ọkùnrin náà ń parọ́ fún oníbàárà. Bí páàtì mọ́tò bá jẹ́ tòkunbọ̀, á ní tòkunbọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń parọ́ fún, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá Raodah dùbúlẹ̀ sínú yàrá wọn ní Festac. Apá òsì kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni àìsàn náà kò rí mú, ẹnu ọ̀hún kò sì sinmi.

"Bàbá Yaqub, ṣé ẹ ń bá mi wo ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Mò ń wò ó."

"Ó ṣì wà ní títì?"

"Gbọin-gbọin."

Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Kuje-Àmúwò, nítòsí ilé wọn, níbi tí Raodah ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà láti ìgbà tí Yaqub ọmọ wọn ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí dókítà pe Sàláúdéènì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní ìyá náà kò ní í dìde rìn mọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ta ọjà inú rẹ̀ láti fi ra oògùn, ó sì dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Ìyìn, ọmọge kan tó ń ṣe kéèkì, ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ ìrọ̀rí sùn?

Àfi bí Raodah ṣe ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. "Ẹ gbé kámẹ́rà kékeré tí Yaqub fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Ẹ gbé e rìn láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi."

Sàláúdéènì kọ́kọ́ fi òpópónà tiwọn dán an wò. Háà, ọwọ́ ọkùnrin náà! Àwòrán ń fò sókè sódò, ilé ń yí, igi ń yí. Raodah wò ó díẹ̀, ó pariwo. "Ẹ pa á! Òyì ń kọ́ mi!" Ó bì gbogbo ẹ̀kọ tó mu, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ìta lásán-làsàn, òun kò lè rí i mọ́.

Ẹlòmíràn á ti ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Sàláúdéènì kò lè fara da ẹkún yẹn. Ó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó de kámẹ́rà mọ́ orí rẹ̀. Ó nílò ohun tó máa so irin náà mọ́ ibi tí òun á dì mú, tó sì máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún kí mímì ọwọ́ òun má baà dé òkè. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì mọ́tò, oríkèé irin tó ń yí lábẹ́ táyà, ló wá sí i lọ́kàn. Tuntun le jù. Àlòkù tó ti jẹ, èyí tí oníbàárà kan mú wá fi ṣe àpẹẹrẹ, ló wá wúlò.

Ó ku ohun tó máa wúwo nísàlẹ̀. Ó so nọ́ọ̀tì mọ́ ọn, kámẹ́rà dojú dé. Ó so páàdì bíréékì mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ ń fì jàn-ìn-jàn-ìn. Ó wá ki ọwọ́ bọ inú àpótí irinṣẹ́, ó fa àgádágodo kan yọ, ó fi kọ́ ọ. Kámẹ́rà rọra nàró, ó dúró pa. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò tiẹ̀ ronú kan ẹni tó ni àgádágodo náà.

Nígbà tó dé Kuje, ó bẹ Ìyìn kó ti ṣọ́ọ̀bù kí òun lè yà á, ọmọge náà sì ká àwo kéèkì rẹ̀ kúrò níta. "Daddy, ẹ má ṣèyọnu, mo máa tì í fún yín." Ó sì tì í. Ìyá Ṣìmí tó ń ta ata ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ juwọ́ sí kámẹ́rà. "Raodah, à ń retí ẹ o!" Ó yíjú, ó fi ìborùn nu omijé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Sàláúdéènì fi ìrọ̀rí gbé ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ó gbé irin náà ti ògiri, torí ó wù ú kí ìyàwó rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Àwòrán bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò mì rárá.

"Ó dà bíi pé èmi gan-an ni mò ń rìn," Raodah ní. Ó rẹ́rìn-ín sí Ìyá Ṣìmí. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé.

"Ẹ dá a dúró."

Ó dá a dúró. Raodah tẹjú mọ́ ọn. Àgádágodo kékeré aláwọ̀ ìyeyè ló wà lára ilẹ̀kùn.

"Àgádágodo mi dà? Èyí tí mo fi kútẹ́sì pupa sàmì sí?"

Ojú Sàláúdéènì sá lọ sí ara ògiri. Ojú Raodah tẹ̀ lé e. Ó rí i lábẹ́ irin, kútẹ́sì pupa lára rẹ̀. Ká ní àwòrán náà ń mì bíi ti àkọ́kọ́ ni, kò ní mọ̀ láéláé. Ó dun Sàláúdéènì dé egungun.

"Ta ló wà níbẹ̀?" Ohùn Raodah ti lọ sílẹ̀.

"Ìyìn ni wọ́n ń pè é. Ó ń ṣe kéèkì."

"Ṣé ó ń gbá iwájú ibẹ̀?"

"Ó ń gbá a. Ó mọ́ tónítóní."

"Ṣé dókítà ló sọ fún yín pé mi ò ní í dìde mọ́?"

Ọkùnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi ń dà lójú rẹ̀. "Forí jì mí, Raodah. Mi ò rí ẹnu sọ ọ́ ni."

Raodah ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ so ó mọ́ àgádágodo yẹn. Tó bá dọ̀la, ẹ tún gbé kámẹ́rà lọ. Kí ọmọ yẹn má tì í o. Kó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, kí n rí inú rẹ̀."