Ohùn Obìnrin Kan Nínú Ilé

"Èyí náà ń mí," ni ìyá wí. Ó gbé etí kúrò lára kọ̀ǹpútà náà, ó sì nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Kọ̀ǹpútà kẹta tó kọ̀ nìyẹn nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ rà. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wo ọmọbìnrin ìyá tó mú un wá. Dókítà làwọn oníbàárà ń pe ọkùnrin yìí, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà tó kú tí kò ní sọ pé òun á jí i. Ó ṣàlàyé pé fáànù kékeré ló ń dún níbẹ̀, pé òun ló ń fẹ́ inú ẹ̀rọ náà kó má baà gbóná. Ìyá ní òun ò bá a jiyàn, àmọ́ òun ò lè máa bá ohun tó ń mí gbé ilé kan náà nígbà tí òun ò rí ibi tó dúró sí.

Ìyá ò ríran mọ́. Àtọ̀gbẹ ló gba ojú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sì ṣe fún un ní ọ̀fun sọ ohùn rẹ̀ di híhá, tó nípọn bíi ti ọkùnrin. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ni gbogbo èyí dé.

Oní-fídíò ni ọkọ náà nígbà ayé rẹ̀. Ìgbéyàwó àti ìkómọ ẹlòmíràn ló ń yà jẹun, ṣùgbọ́n ó ní àṣà kan. Láàárọ̀, kó tó gbé kámẹ́rà jáde, á kọ́kọ́ dán an wò nínú ilé. Á ya ohun tó bá wà níwájú rẹ̀, á sì máa sọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá ohùn ń wọlé. Kò fi han ẹnikẹ́ni, kò sì pa á rẹ́. Ìdánwò wọ̀nyí ló kún inú àwọn háàdì dírááfù tó ń kó fídíò sí, tó sì fi sílẹ̀. Ọmọbìnrin yìí, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé, fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí tẹlifíṣàn pálọ̀, ti yàrá ìyá àti ti ilé ìdáná á jọ máa fà á látinú rẹ̀. Àárò ọkọ ń sọ ìyá débi pé oúnjẹ ò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ pé yóò tẹ̀ lé e lọ. Ó rò pé bó bá ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ níbikíbi tó bá jókòó sí, yóò fẹ́ láti dúró.

Dókítà ronú díẹ̀. Ó ní wọn ò nílò alágbára táwọn ọ̀dọ́ fi ń ta géèmù. Èyí tí àyè inú rẹ̀ pọ̀ ni, tí kò jẹ iná, nítorí títàn ni yóò wà tọ̀sán tòru, tó sì lè gbé fídíò lọ sí yàrá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láìkọsẹ̀. Ó fa ọ̀kan jáde lábẹ́ tábìlì. Àlòkù ni, kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ. Kò ní fáànù rárá, ara irin rẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Ìyá gbé etí lé e, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Èyí dákẹ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká mú un."

Ilé dùn fún ìgbà díẹ̀. Bàbá á ní nínú tẹlifíṣàn, "Ọ̀kan, èjì, ṣé ò ń gbọ́ mi?" Ìyá á dáhùn pé, "Mò ń gbọ́ yín," á sì bu oúnjẹ sẹ́nu. Bó bá dìde ní pálọ̀ tó lọ sí yàrá, tẹlifíṣàn tibẹ̀ á bá ọ̀rọ̀ lọ láti ibi tí ti pálọ̀ dé. Ọmọ á gbọ́ wọn fìrí, á rẹ́rìn-ín, á tún máa tẹ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá fọwọ́ tọ ògiri wá bá a.

"Obìnrin kan wà nínú ilé yìí," ló wí. "Ó wà lọ́dọ̀ bàbá ẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín."

Ọmọ wo gbogbo yàrá, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó fi ṣàwàdà, ó ní bóyá bàbá ní ẹnìkan tí wọn ò mọ̀. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà ti ń yọ. Ìyá á gbọ́ ọ ní ilé ìdáná, á sá lọ sí yàrá, á sì bá a tó ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Owú ń jẹ ẹ́, àgbàlagbà tó ń jowú lórí òkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ariwo máṣíìnì kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ẹ̀rín náà. Síbẹ̀, òun náà ti ń bojú wẹ̀yìn bó bá ń ránṣọ. Nígbà tó yá, ìyá ò jẹun mọ́ rárá. Ó ní nínú òun àti obìnrin yẹn, ẹnìkan ló máa fi ilé yìí sílẹ̀.

Ọmọ gbé kọ̀ǹpútà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó rò pé nǹkan ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ló ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Dókítà so ó mọ́ tẹlifíṣàn ńlá kan, ó yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, mo ti fọ̀ ọ́ mọ́ kí n tó tà á. Gbogbo ohun tó wà níbí, ilé yín ló ti wá."

Bó ṣe ń lọ sílé, nǹkan náà gbóná lórí itan rẹ̀ bí ọmọ tó sùn. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Kò fọwọ́ kan iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó so kọ̀ǹpútà padà, ó sì jókòó ti ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá di rìmóòtù mú gírígírí.

"Fetí sílẹ̀," ló wí. "Ó máa wá."

Bàbá sọ̀rọ̀: "Sọ nǹkan, kí n mọ̀ bóyá ohùn ń wọlé."

"Kí ni kí n sọ? Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò lójú mi, mi ò tíì bọ́jú." Obìnrin náà wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ lókè tó sì ń yí bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọmọ gbójú sókè. Ojú tó wà lórí tẹlifíṣàn ló kọ́kọ́ mọ̀. Ohùn náà, tí wọ́n fi kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, òun náà ti gbàgbé rẹ̀, èyí sì dùn ún gan-an.

"Ta ni?" ni ìyá bi í.

"Màmá, ẹ̀yin ni."

"Èmi ò rẹ́rìn-ín báyẹn rí."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín."

Ìyá ní kó tún un gbé sí i. Ó gbọ́ ọ tán, ó la ẹnu, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín bíi ti obìnrin náà. Ohun tó jáde kò jọ ẹ̀rín. Ọmọ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sunkún láìjẹ́ kó dún.

"Wọn ò gbọ́ ohùn mi yìí rí," ni ìyá wí. "Bàbá ẹ. Wọ́n ti lọ kí n tó di olóhùn yìí. Lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́run tí mo pè wọ́n, wọ́n á ní ta nìyẹn? Obìnrin yẹn ni wọ́n mọ̀."

Ìyá na ọwọ́, ó wá èjìká ọmọ rẹ̀ rí.

"Gbé kámẹ́rà wọn wá. Fi ohùn mi tòní sínú nǹkan yẹn, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn."

Ọmọ gbé e wá, ó sì tàn án. Ìyá tún gèlè rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe kámẹ́rà ló kọjú sí, ẹ̀gbẹ́ tí ohùn ọkọ rẹ̀ ti máa ń jáde ni.

"Èmi ni o," ló wí. "Ohùn mi ló yí padà, èmi náà ni. Ẹ máa gbọ́ ọ, kó lè mọ́ yín létí."

Ó dákẹ́. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ́tí. Ìka ọmọ ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kó máa ká dídákẹ́ náà sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ìyá mi orí bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.